Fáìlì Inú COBOL: Ìrọ̀rùn Tí Kò Gbọdọ̀ Bo Àṣìṣe Mọ́lẹ̀

Ká ní wọ́n gbé iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, pé kó kọ prógíráàmù tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ilé inú Ìbà Housing Estate: nọ́mbà ilé, orúkọ onílé, nọ́mbà fóònù rẹ̀ àti gbèsè tó jẹ. Bó bá jẹ́ Python ló fi kọ ọ́, ìlà 3 péré lè ṣí fáìlì náà kó sì tú ohun inú rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ COBOL ni, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ìlà 20 kó tó rí orúkọ onílé àkọ́kọ́. Á dárúkọ prógíráàmù, á ṣàlàyé ibi tí fáìlì wà àti bí wọ́n ṣe tò ó, á ka gbogbo àyè inú rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó wá kan àṣẹ pé kí fáìlì ṣí. Abájọ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi èdè àtijọ́ yìí ṣiṣẹ́ fi ń béèrè bóyá ọ̀nà wà láti mú iṣẹ́ fáìlì rọrùn. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ oríṣi ìrọ̀rùn méjì ló wà. Ọ̀kan ń gba àtúnkọ lọ́wọ́ prógírámà, kó má baà máa kọ ohun kan náà káàkiri. Èkejì ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fáìlì pamọ́ fún un, kí kóòdù rẹ̀ lè kúrú. Ti àkọ́kọ́ ni àpilẹ̀kọ yìí dúró lé. Ó sì lòdì sí èkejì pátápátá, torí pé nínú iṣẹ́ tó kan owó àti orúkọ èèyàn, àṣìṣe tó dákẹ́ burú ju èyí tó pariwo lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá COBOL sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1959, Mary Hawes tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Burroughs nílẹ̀ Amẹ́ríkà ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà ní èdè kan tí wọ́n á jọ fi máa ṣe iṣẹ́ okòwò. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn ní láti tún gbogbo prógíráàmù rẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ 28 àti 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, ìpàdé wáyé ní Pentagon, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CODASYL ti bẹ̀rẹ̀. Èdè FLOW-MATIC, iṣẹ́ Grace Hopper àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n gbé COBOL lé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún 1960, wọ́n ti gbé prógíráàmù COBOL kan náà sórí ẹ̀rọ RCA àti ẹ̀rọ UNIVAC, ó sì ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ìwé gbèsè, ìbánigbófò àti ọjà inú ilé ìkẹ́rù ni iṣẹ́ tó wà lọ́kàn wọn. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò ju kéèyàn ka fáìlì àná, kó fi ti òní kún un, kó sì kọ fáìlì tuntun fún ọ̀la. Nítorí náà, fáìlì kì í ṣe àlejò nínú COBOL. Òun gan-an ni onílé.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló gbé kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà, nítorí ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni wọ́n fi kọ́kọ́ lò ó níbí. Ìbà Housing Estate fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìgbà tí COBOL wà lójú ọpọ́n káàkiri ayé. Láàárín oṣù Kẹwàá ọdún 1979 sí òpin ọdún 1983 tí Lateef Jakande fi jẹ́ gómìnà ni ìjọba Èkó kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin àti ibòmíràn, ìjọba yẹn kan náà ló sì dá LASU sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1983. Ẹni tó bá pín ilé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti di ẹni tó ní fáìlì láti tọ́jú: ta ló gba ilé wo, mélòó ló ti san, mélòó ló kù, ta ló kú tí ọmọ rẹ̀ sì gbà á. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí COBOL mọ̀ ọ́n ṣe kò ní láti lọ jìnnà. Àkọsílẹ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ti tó fi ṣàpẹẹrẹ, òun la ó sì máa lò títí dé ìparí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ní láti kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ prógíráàmù rẹ̀, kó tó dé ibi tí iṣẹ́ gan-an wà:

SELECT FAILI-ILE ASSIGN TO "ILE.DAT"
    ORGANIZATION IS INDEXED
    ACCESS MODE IS DYNAMIC
    RECORD KEY IS ILE-NOMBA
    FILE STATUS IS ESI-ILE.

Ìlà àkọ́kọ́ fún fáìlì lórúkọ, ó sì sọ ibi tó wà. Èkejì sọ pé fáìlì náà ní atọ́ka, débi pé a lè fò lọ tààrà sí ilé tí a ń wá. Ẹ̀kẹta gba àyè kíkà lẹ́sẹẹsẹ àti kíkà ní ṣàkó, ẹ̀kẹrin sọ pé nọ́mbà ilé ni a ó máa fi dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, èyí tó kẹ́yìn sì sọ ibi tí èsì gbogbo àṣẹ yóò máa bọ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni ìjúwe rẹ́kọ́ọ̀dù: nọ́mbà ilé báìtì mélòó, orúkọ báìtì mélòó, gbèsè ní náírà àti kọ́bọ̀. Ìjúwe yìí gùn, àmọ́ kò lọ lásán. Tí àṣẹ READ bá ti ṣiṣẹ́, gbogbo àyè ti kún lẹ́ẹ̀kan náà, owó ti wà ní ipò owó, orúkọ ti wà ní ipò orúkọ. Ẹni tó fi ìlà 3 kà á ní Python ṣì ní láti gé ìlà ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, kó sì sọ lẹ́tà di nọ́mbà. Ohun tó ń súni nínú COBOL ni pé gbogbo prógíráàmù tó bá fọwọ́ kan fáìlì yẹn, ìbáà jẹ́ èyí tó ń gba owó, èyí tó ń tẹ ìwé gbèsè tàbí èyí tó ń pààrọ̀ orúkọ onílé, ló tún ní láti kọ ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn àṣẹ gan-an náà ní bí wọ́n ṣe ń da ọ̀dọ́ láàmú. Ẹni tó fẹ́ kà á pe orúkọ fáìlì, ẹni tó fẹ́ kọ á pe orúkọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó nídìí, torí pé fáìlì kan lè ní oríṣi rẹ́kọ́ọ̀dù púpọ̀, ẹni tó ń kọ mọ èyí tó fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà kò lè mọ èyí tó máa bá pàdé. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú kò ráyè ìdí.

Làálàá nìyẹn. Ewu wà níbòmíràn, inú èsì ló wà. Lẹ́yìn gbogbo àṣẹ tó bá kan fáìlì, COBOL máa ń fi àmì méjì sílẹ̀ láti sọ bó ṣe rí. 00 túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe. 10 ni pé fáìlì ti tán. 22 ni pé nọ́mbà tí o fẹ́ kọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. 23 ni pé ẹni tí o ń wá kò sí. 35 ni pé fáìlì fúnra rẹ̀ kò sí, 39 sì ni pé ìjúwe tó wà nínú prógíráàmù kò bá fáìlì tó wà nílẹ̀ mu. Ètò tó dára ni, àmọ́ ìwà kan wà nínú rẹ̀: níbi púpọ̀, bí o bá ti sọ pé kí èsì bọ́ sí ESI-ILE, kọ̀ǹpútà gbà pé ìwọ lo máa wò ó. Bí o kò bá wò ó, iṣẹ́ ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè bí. Prógíráàmù tó ń tẹ ìwé gbèsè ka ilé 213, ó tẹ tirẹ̀ tán, ó wá béèrè ilé 214, èyí tí ẹnì kan ti pa rẹ́ nínú fáìlì. Èsì di 23, prógírámà kò wò ó. Òfin COBOL kò ṣèlérí ohun tó máa wà nínú àyè rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́yìn READ tó kùnà; lọ́pọ̀ ìgbà, ohun àtẹ̀yìnwá náà ló ṣì máa wà níbẹ̀. Báyìí ni ìwé gbèsè á ṣe jáde tí nọ́mbà 214 wà lókè rẹ̀, tí orúkọ àti gbèsè onílé 213 wà nísàlẹ̀. Tàbí ká wo èyí tí gbogbo olùkọ́ COBOL mọ̀: prógíráàmù ń ka fáìlì títí yóò fi tán, àmọ́ ìṣirò wà lẹ́yìn READ láìbéèrè bóyá òpin ti dé. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbẹ̀yìn á wọ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, àròpọ̀ á fi iye kan ju òtítọ́ lọ, kò sì sí ohun tó máa tan iná pupa. Akọ̀wé owó á máa wá owó tí kò sọnù.

Bí a bá ti ya làálàá sọ́tọ̀ kúrò lára ewu, a ti ní òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn irinṣẹ́ èyíkéyìí tó bá sọ pé òun mú fáìlì rọrùn. Irinṣẹ́ tó bá dín ìjúwe kù ti ṣe iṣẹ́ rere, àmọ́ ìdajì ni. Èyí tó bá dín ìjúwe kù tó sì mú kó ṣòro láti gbójú fo èsì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá gbé èsì mì kí kóòdù lè mọ́ lójú, ńṣe ló sọ ohun tó ń tọ́ wa sọ́nà di ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Ìtàn COBOL fúnra rẹ̀ ti ìdájọ́ yìí lẹ́yìn, torí pé èdè náà ti gba ìrọ̀rùn lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó sì tọ́jọ́ nínú wọn jọra.

Nínú ìlànà COBOL ti ọdún 1968, fáìlì alátọ́ka kò tíì wọlé. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, IBM ní ISAM, àwọn yòókù ní ti wọn, prógíráàmù tó bá sì ṣí kúrò lórí ẹ̀rọ kan kò rí ilé wọ̀ lórí èkejì. Ìlànà ọdún 1974 gbé fáìlì alátọ́ka wọ inú èdè náà, atọ́ka tí kálukú ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun sì di iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà, ìyẹn prógíráàmù tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Ó mú làálàá kúrò, kò mú èsì kúrò. Ìlànà ọdún 1985 tún tẹ̀ síwájú. Kó tó dé, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ AT END, ìyẹn ohun tí a ó ṣe bí fáìlì bá tán, parí sí. Bí àmì yẹn bá bọ́ síbi tí kò yẹ, ìlà mẹ́wàá lè wọ abẹ́ ohun tí kò kàn wọ́n. Ọdún 1985 mú END-READ wá, ó sì mú NOT AT END wá, débi pé ohun tí a ó ṣe bó bá ṣeé ṣe àti ohun tí a ó ṣe bí kò bá ṣeé ṣe jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ìrọ̀rùn gidi nìyẹn, ńṣe ló sì tún fa èsì sún mọ́ ojú prógírámà. Ìlànà ọdún 2002 sọ bí prógíráàmù méjì ṣe lè jọ lo fáìlì kan láìtẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ti ọdún 2023 gba fáìlì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹẹsẹ lásán wọlé, èyí tí àwọn kọ̀ǹpáílà ti ń lò tipẹ́tipẹ́ láìgba àṣẹ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe wọ̀nyí tó sọ fún prógírámà pé kó má wo èsì mọ́.

Ẹ̀rí kejì wà nílé wa níbí, ó sì fi ìdí tí àtúnkọ fi léwu hàn. Ohun tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù padà kì í sábà jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ìjọba, ọjà àti òfin ló ń yí i padà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà kúrò lórí pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńsì, ó bọ́ sórí náírà àti kọ́bọ̀, pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì: àyè mẹ́ta di méjì. Lọ́dún 2001, fóònù GSM dé, nọ́mbà fóònù di òǹkà 11, èyí tí àyè tí wọ́n gé fún nọ́mbà NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba, kò lè gbà. Lọ́dún 2010, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà NUBAN jáde, nọ́mbà àkáǹtì ní gbogbo báńkì sì ní láti di òǹkà 10. Lọ́dún 2014, BVN, nọ́mbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì tó jẹ́ òǹkà 11, dé, àyè mìíràn sì ní láti wọ àkọsílẹ̀ oníbàárà. Èdè yòówù kí báńkì tàbí iléeṣẹ́ máa lò, ìyípadà wọ̀nyí kàn án. Ẹni tó bá kọ ìjúwe rẹ́kọ́ọ̀dù sínú prógíráàmù 40 ní láti tún un ṣe nígbà 40, bó bá sì gbàgbé ọ̀kan, orí rere ni yóò fi rí èsì 39. Bí orí rere kò bá sí, nọ́mbà fóònù á ya wọ inú àyè owó, ó di kí onílé kan jẹ gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò lè san láyé.

COBOL ti ní oògùn fún apá kan ìṣòro yìí tipẹ́: àṣẹ COPY. A ó kọ ìjúwe rẹ́kọ́ọ̀dù sínú fáìlì kan ṣoṣo, gbogbo prógíráàmù á sì máa fà á wọlé láti ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ń lo COPY lónìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìrọ̀rùn. Àmọ́ ìjúwe nìkan ni COPY ń gbé, kì í gbé ìwà. Bí a ṣe ń ṣí fáìlì, bí a ṣe ń yẹ èsì wò, ohun tí a ń ṣe nígbà tí ẹlòmíràn bá ti mú rẹ́kọ́ọ̀dù náà dání, kálukú ló ṣì ń kọ ìwọ̀nyí bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni pé kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní prógíráàmù kékeré kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣí i, kà á, kọ ọ́ tàbí tì í. Àwọn yòókù á fi CALL ránṣẹ́ sí i: wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́, òun á dá rẹ́kọ́ọ̀dù àti èsì padà. Bí ẹ́sítéètì tó ní géètì kan ṣoṣo ni: ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ kan náà ni yóò gbà, ohun tí ọlọ́dẹ yẹn bá sì rí, ó ti rí i fún gbogbo ilé. Àwọn kọ̀ǹpáílà kan tiẹ̀ ti pèsè irú géètì bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. EXTFH tó ti ọ̀dọ̀ Micro Focus wá, tí kọ̀ǹpáílà GnuCOBOL náà mọ̀, ń jẹ́ kí gbogbo àṣẹ fáìlì gba ojú kan ṣoṣo kọjá, tí a sì lè fi tiwa rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó máa yàtọ̀ láàárín géètì tó dára àti èyí tí kò dára ni bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú èsì. COBOL ní ohun kan tó dára fún èyí, ìyẹn ìpele 88, tó ń fún iye ní orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kọ ọ́ báyìí:

01 ESI-ILE PIC XX.
   88 O-TI-RI       VALUE "00".
   88 FAILI-TAN     VALUE "10".
   88 KO-SI-NILE    VALUE "23".

Láti ìgbà náà lọ, kò ní máa béèrè bóyá èsì jẹ́ 23. Á kàn kọ IF KO-SI-NILE, ẹni tó bá sì kà á lẹ́yìn ogún ọdún á mọ ohun tó ń sọ láìwo ìwé. Ìrọ̀rùn nìyí tó ń fi kún ìmọ̀. Ìlànà kejì tó yẹ kó wà nínú prógíráàmù ọlọ́dẹ yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ: bí ẹni tó pè é kò bá sọ ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nígbà ìkùnà, kí iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì kọ orúkọ fáìlì, nọ́mbà tí wọ́n ń wá àti èsì sójú kọ̀ǹpútà. Ìdákẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí prógírámà bá gbàgbé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dákẹ́ ni kó sọ ọ́ jáde.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ fún àwa tó ń kọ orúkọ Yorùbá. Ká ní àyè orúkọ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ PIC X(20), ìyẹn báìtì 20. Adebayo Olatunji, láìsí àmì kankan, jẹ́ 16, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Adébáyọ̀ Ọlátúnjí tí a kọ bó ṣe yẹ, lọ́nà UTF-8 tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò lónìí, jẹ́ báìtì 27, torí pé é àti á gba méjì méjì, ọ gba mẹ́ta, àmì orí rẹ̀ tún gba méjì. COBOL á gbé báìtì 20 àkọ́kọ́, á ju ìyókù nù. Ohun tó máa kù ni Adébáyọ̀ Ọlá. Orúkọ náà dá ṣáṣá, ó ṣeé kà, ó sì jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Èsì á ṣì jẹ́ 00, nítorí pé MOVE, àṣẹ tó gbé orúkọ sínú àyè rẹ̀, ló gé e, fáìlì kò mọ nǹkan kan. Prógírámà 40 kò ní rántí yẹ èyí wò. Ọlọ́dẹ kan ṣoṣo lè máa wọn orúkọ kó tó gbà á wọlé, kó sì kọ̀ ọ́ bó bá ju àyè lọ.

Àwọn kan á sọ pé ìrọ̀rùn báyìí á sọ àwọn ọ̀dọ́ di ọ̀lẹ, pé ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ SELECT àti ìjúwe rẹ́kọ́ọ̀dù kò ní mọ fáìlì láé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ lódindi lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí 22, 23 àti 39. Àmọ́ kíkọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún kò fi ìmọ̀ kún ti ìgbà kejì. Àṣìṣe ọwọ́ nìkan ló ń fi kún. Prógíráàmù ọlọ́dẹ náà, COBOL la fi kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun inú rẹ̀ lè ṣí i kà.

Ẹlòmíràn á sọ pé CALL ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ òru tó ń ka rẹ́kọ́ọ̀dù mílíọ̀nù mélòó kan lẹ́sẹẹsẹ, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé CALL kọ̀ọ̀kan ló ń lọ wá prógíráàmù nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìdáhùn ni pé kí a wọ̀n ọ́n ká tó sọ̀rọ̀. Níbi tí prógíráàmù ti ń wá ilé kan ní ṣàkó, àkókò tí dísíìkì ń gbà sábà máa ń bo ti CALL mọ́lẹ̀. Níbi tí ìwọ̀n bá ti fi hàn pé CALL ń dá iṣẹ́ dúró, a lè gba iṣẹ́ kan náà láyè láti ka fáìlì tààrà, pẹ̀lú COPY tó gbé àyẹ̀wò èsì dání. Ìyọ̀ǹda kan tí a kọ sílẹ̀, tí a sì mọ ìdí rẹ̀, kò ba òfin jẹ́.

Ẹgbẹ́ kẹta á ní ká gbàgbé fáìlì, ká kó gbogbo rẹ̀ sínú dátábéèsì, ká máa fi SQL bá a sọ̀rọ̀ láti inú COBOL. Ọ̀rọ̀ wọn lágbára, torí pé dátábéèsì ń tọ́jú ìjúwe fúnra rẹ̀, bí àyè fóònù bá sì gbòòrò, ọ̀pọ̀ prógíráàmù kò ní mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀: SQLCODE. 0 túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe, 100 pé kò sí, iye tó wà lábẹ́ òdo pé nǹkan bàjẹ́. Ẹni tí kò wo ESI-ILE kò ní wo SQLCODE, ìwé gbèsè ilé 214 á sì tún jáde pẹ̀lú orúkọ onílé 213. Dátábéèsì ń wo àrùn àtúnkọ sàn. Kò wo àrùn ìdákẹ́ sàn.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní kí a da COBOL nù. Ìròyìn Reuters lọ́dún 2017 sọ pé COBOL tó tó bílíọ̀nù ìlà 220 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di aláìníṣẹ́, Phil Murphy, gómìnà New Jersey nígbà náà, bọ́ síta láti wá àwọn tó gbọ́ COBOL, torí pé ètò ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ náà kò lè gbé ẹrù náà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tì kó sọ iye ọdún àti iye owó tí yóò gbà. Ní Nàìjíríà, a ti rí bí ìyípadà ètò ṣe máa ń rí. Ní ìdajì kejì ọdún 2024, Sterling, Zenith àti GTBank pààrọ̀ ètò tó gbé iṣẹ́ báńkì wọn ró, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì fi ọjọ́ mélòó kan ráhùn pé àwọn kò rí owó àwọn lò. COBOL kọ́ ni wọ́n ń kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan náà ni: gbígbé àkọsílẹ̀ láti inú ètò kan sínú òmíràn ni ibi tí iṣẹ́ ti ń le jù. Ẹni tó bá tilẹ̀ pinnu láti kúrò lórí COBOL nílò ọlọ́dẹ yìí ju ẹni tó fẹ́ jókòó lọ, torí pé bí gbogbo kíkà fáìlì bá gba ojú kan ṣoṣo, ojú kan ṣoṣo náà ni a ó yí padà nígbà tí àkọsílẹ̀ bá kó lọ sínú dátábéèsì.

Ó ku ìbéèrè kan: kí ló kan Ìbà àti LASU nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ètò báńkì bíi Finacle àti Flexcube ni àwọn báńkì wa ń lò? Òótọ́ ni pé iṣẹ́ COBOL kò pọ̀ nílé. Àmọ́ iṣẹ́ wà lókè òkun, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà, wọ́n ń fẹ̀yìn tì. GnuCOBOL, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí OpenCOBOL lọ́wọ́ Keisuke Nishida, jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ̀ǹpútà àlòkù tí akẹ́kọ̀ọ́ rà ní ọjà Alábà sì lè gbé e láìjanpata. Ju ìyẹn lọ, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò mọ sórí COBOL. Ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù ìsanwó lónìí ń bá íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já sọ̀rọ̀, ó sì ń rí èsì tó lè wò tàbí kó gbójú fò. Irinṣẹ́ rẹ̀ tuntun, ìdẹwò rẹ̀ kan náà ni.

Nítorí náà, bí olùkọ́, iléeṣẹ́ tàbí prógírámà kan bá fẹ́ gba irinṣẹ́ tó sọ pé òun mú fáìlì COBOL rọrùn, kó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí àyè kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù bá yí padà lọ́la, ibi mélòó ni màá fọwọ́ kàn? Bí rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo ń wá kò bá sí, ta ló máa sọ fún mi, ọ̀rọ̀ wo ló sì máa fi sọ ọ́? Bí mo bá gbàgbé láti béèrè, ṣé iṣẹ́ á dúró ni àbí á máa lọ? Irinṣẹ́ tó bá dáhùn pé ibi kan ṣoṣo, pé èmi ni màá sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó yéni, pé iṣẹ́ á dúró, kí wọ́n gbà á, ìbáà jẹ́ ìlà 10 nìkan ló dín kù. Èyí tó bá kùnà nínú ìbéèrè kẹta, kí wọ́n dá a padà, bó ti wù kí kóòdù rẹ̀ kúrú tó.